Olè Tó Jí Olùkọ́ Rẹ̀ Gbé

Gbàù!

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ta á nípàá, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Lothar Dederichs wó lulẹ̀!

"Kí ẹnikẹ́ni má mira! Ẹni tó bá mira, màá dá a lu bí ajere!"

Kò sí ẹni tó mira. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ ni. Àwọn ọkọ̀ ló tò sínú òkùnkùn ìdájí, tí wọ́n ń wo àwọn ọlọ́ṣà méjì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó pariwo yẹn ni Jörn Hackbarth. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jörn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ẹ̀fúùfù. Ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ tí àwọn awakọ̀ eré ìje ń wọ̀, ó wọ bàtà wọn náà sí i. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé ife-ẹ̀yẹ ló fẹ́ lọ gbà, kì í ṣe pé olè ló wá jà.

Timo Rehbein, ọmọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ló gbé tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, kò sẹ́nìkan níbí o."

"Mo mọ̀! Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ẹ̀fúùfù ti dé!"

"Ta ni wọ́n?"

"Timo, pa ẹnu ẹ dé, jàre!"

Tọ́ọ̀ṣì tàn sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ pupa náà rèé! Ohun tí wọ́n bá wá nìyẹn.

Ọkọ̀ náà ní nọ́ńbà bíi ti gbogbo ọkọ̀. Kò sí òfin tó ní kó má rìn ní títì, kódà Lothar a máa gbé e lọ ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú wo inú rẹ̀! Irin ni wọ́n fi gbé e ró látòkè délẹ̀, bí àhámọ́. Àga méjì péré. Kò sí rédíò, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, kò síbi tí èèyàn lè gbé ife lé. Gbogbo ohun tó lè tu èèyàn lára ni Lothar ti yọ dànù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́.

Kò ya àwa ará Eifel, ní ilẹ̀ Jámánì, lẹ́nu. Ìdí Òrùka là ń gbé. Òrùka ni à ń pe ọ̀nà eré ìje tó gba inú igbó wa, tó lọ bíi ogún kìlómítà kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ayé, ẹni tó bá ti sanwó ẹnubodè, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ní nọ́ńbà, lè wọ ibẹ̀ lọ sáré: ì báà jẹ́ apẹran, ì báà jẹ́ agbẹjọ́rò, ì báà jẹ́ ìyá àgbà. Kọ́nà inú rẹ̀ pọ̀ bí irun orí. Kò sì sí èyí tó fẹ́ràn agbéraga nínú wọn.

Jörn fò sórí àga awakọ̀. Ó rí kọ́kọ́rọ́ lójú ihò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí i.

Kẹ́!

Ó tún un yí.

Kẹ́!

"Ẹ ò lè tan án bẹ́ẹ̀ yẹn," ohùn kan wí láti orí àtẹ̀gùn.

Lothar fúnra rẹ̀ ni. Òkè ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbé. Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, aṣọ ìsùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ife kọfí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fọwọ́ sókè!" Jörn na ìbọn sí i.

"Kọfí mi á dànù."

"Gbé ife ẹ sílẹ̀ ná, kó o tó fọwọ́ sókè! Ṣé wọ́n á tún kọ́ ẹ ni, bàbá arúgbó?"

Lothar gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó fọwọ́ sókè. Ó ṣàlàyé pé bọ́tìnnì kan wà tó pamọ́ sínú ọkọ̀ náà, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi òun. Jörn ní kó sọ ibi tó wà. Lothar ní òun ò sọ. Jörn ní òun máa yìnbọn. Lothar ní bí wọ́n bá pa òun, ó di kí wọ́n máa fi ọwọ́ ti ọkọ̀ dé ìlú Adenau.

Jörn ronú. Ìrònú kì í ṣe iṣẹ́ tó mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó gbé irin.

"Ó dáa! Wọlé sínú ọkọ̀! Ìwọ lo máa tan án, ìwọ náà lo sì máa bá mi lọ, tó bá tún kú sójú ọ̀nà."

"Ọ̀gá," Timo bẹ̀rẹ̀, "àga méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Èmi ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀sì máa kọjá tó bá yá."

"Ọ̀gá, ọjọ́ Àìkú lónìí! Bọ́ọ̀sì kì í..."

WỌ̀Ọ̀Ọ̀Ọ̀MÙ!

Lothar ti tẹ bọ́tìnnì náà. Ẹ́ńjìnnì ké bíi kìnnìún tí wọ́n tẹ̀ nírù. Timo ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí ọkọ̀ pupa fi fò bọ́ sí títì.

* * *

Ẹ má bú Lothar pé kò jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ́ wọn lórí Òrùka: ẹni tó ń sun ẹkún, ẹni tó ń gbàdúrà, ẹni tó ń dijú ní kọ́nà. Ó ti mọ̀ pé bí ẹni tó di sítíárìn mú bá ti ń gbọ̀n, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n.

"Bẹ́líìtì ẹ ti lọ́," ó sọ fún Jörn.

"Dákẹ́!"

"Màá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti lọ́."

Ojú ọ̀nà abúlé ni wọ́n wà. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, kùrukùru bo orí òrùlé. Bàbá kan ń fa ajá rẹ̀ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì.

"Bíréèkì!" Lothar kígbe.

Kíííííí! Imú ọkọ̀ pupa yẹ bàbá náà sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá yẹ kòtò. Ajá gbó. Bàbá náà fi igi ọwọ́ rẹ̀ na afẹ́fẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè kọ síbí.

Àyà Lothar já. Kì í ṣe nítorí ìbọn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Láìpẹ́, títì á kún fún àwọn tó ń lọ ra búrẹ́dì àti àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yìí ò mọ ohun tó ń wà. Agbára ọkọ̀ náà pọ̀ ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ. Ó máa pa èèyàn.

* * *

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ ni Dókítà Edelgard Hommes.

Dókítà eyín ni. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí Òrùka, òun àti Lothar a máa jọ jẹun àárọ̀. Ó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ búlúù kékeré rẹ̀, àpò búrẹ́dì gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ọkọ̀ pupa bá fò kọjá lára rẹ̀. Fíííràn!

Ó rí Lothar lórí àga èrò. Nínú aṣọ ìsùn!

Lothar kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ yẹn. Dókítà ti ń tọrọ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, èsì kan náà ló ń gbà: "Dókítà, lọ fi tìrẹ sá Òrùka ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ná."

Ẹ̀rín gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yìí. Ọdún kọkànlá rèé tí Dókítà ti ń wá a. Ó ra táyà, kò rí i. Ó ra bíréèkì, kò rí i. Ó dín ara rẹ̀ kù, kò jẹ kéèkì fún oṣù mẹ́ta, kò rí i! Lọ́jọ́ kan tó kù díẹ̀ kó bọ́ sí i, inú rẹ̀ dùn, ó wo aago, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fẹnu ko irin etí ọ̀nà. "Aago kì í wa ọkọ̀, Dókítà," ni Lothar wí lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń mu bíà rẹ̀.

Dókítà pe ọlọ́pàá, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ rárá tí Annegret Schäfges fi dé, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè wa, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá kan tó ń mì jọ̀nkọ̀jọ̀nkọ̀. Timo ni wọ́n bá lórí òkúta ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fọwọ́ sókè fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó dé, ọwọ́ ti ń ro ó.

"Bọ́ọ̀sì, mà!" ló kọ́kọ́ sọ. "Ó ní kí n wọ bọ́ọ̀sì!"

"Ta ni?"

"Jörn! Ọdún mẹ́ta ni mo fi sìn ín! Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ náà dé abẹ́ afárá Adenau. Uwe, ọ̀kan nínú wa, ń dúró dè é níbẹ̀ pẹ̀lú lọ́rì. Ọkọ̀ máa wọnú lọ́rì, ó di ilẹ̀ Poland. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, mà. Mi ò sí nínú ẹ̀ mọ́!"

Annegret fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ irin ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ̀rọ̀ sínú rédíò. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ dí ọ̀nà Adenau.

"Dókítà, ẹ dúró síbí o! Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni!"

"Mo ti gbọ́," Dókítà dáhùn. Ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

* * *

Nígbà tí Jörn rí iná búlúù tó ń ṣẹ́jú níwájú, ó yí ọkọ̀ padà. Kíííí! Ó fẹ́ gba ibi tó ti wá lọ. Ta ló tún pàdé? Annegret, nínú ọkọ̀ ńlá rẹ̀!

Jörn na ọwọ́ síta.

Pó! Pó! Pó!

Ọta méjì wọnú igbó lọ. Ẹ̀kẹta ṣèèṣì bá táyà. Fùùùùù! Ọkọ̀ ọlọ́pàá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ rìn mọ́.

"Ẹ rí i?" Jörn ń bú ramúramù. "Ẹ̀fúùfù ni mí! Kò sẹ́ni tó lè mú afẹ́fẹ́!"

Ìgbà yìí gan-an ni ọgbọ́n sọ sí Lothar lórí.

"Wọ́n ti dí ọ̀nà gbogbo," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ọlọ́pàá ò lè bá èèyàn. Ṣùgbọ́n má yọnu. Kì í ṣe ibi tí ọmọdé ń lọ."

"Ibo?"

"Òrùka. Ó gba orí afárá Adenau kọjá, ẹnubodè mìíràn sì wà níbẹ̀ téèyàn lè gbà jáde. Ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀, jàre. Kọ́nà ibẹ̀ ò mọ ọlá."

Ojú Jörn tàn bí gílóòbù.

"Èmi? Bàbá arúgbó, ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀? Ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ ni mo fi sá Òrùka!"

"Ẹ̀ẹ̀n! Pẹ̀lú ọkọ̀ wo?"

Jörn yíjú sí títì.

"Lórí kọ̀ǹpútà."

"Ṣé òjò ń rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà?"

Jörn tẹ tọ́tù. Gbàgà! Igi ìdènà ẹnubodè fò sókè, ó ṣẹ́ sí méjì. Ọkọ̀ pupa ti wọ Òrùka.

Lothar mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀ lásìkò yìí. Irin wà lọ́tùn-ún, irin wà lósì. Ẹni tó bá máa kú, àwọn méjèèjì ni.

* * *

Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá tó kúnlẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Annegret, wọlé!"

"Ẹ ò lè lé e! Ẹ ti rí ọkọ̀ yẹn, ẹ wá wo tiyín!"

"Mo ti wò ó. Wọlé! Jókòó lórí búrẹ́dì."

Wùùùùù! Ọkọ̀ búlúù kékeré náà gba ẹnubodè tó ti fọ́ wọlé.

Annegret ti lé olè rí. Ó ti wọ ìjà ọ̀mùtí, ó ti bọ́ sómi lọ yọ èèyàn. Ṣùgbọ́n kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà Edelgard lórí Òrùka rí. Kọ́nà àkọ́kọ́ dé, ó pariwo. Ìkejì dé, ó pariwo. Ìkẹta dé, ẹnu rẹ̀ ò lè padé mọ́.

"Eyín ẹ̀yìn yẹn ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú," Dókítà wí. Kò yí ojú kúrò lọ́nà. "Mo ní kó o wá ní oṣù méjì sẹ́yìn."

"Dókítà! Ojú ọ̀nà! Ẹ ń lọ sétí ọ̀nà!"

"Ibẹ̀ ló dáa."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ojú kan náà ni gbogbo awakọ̀ ń gbà, rọ́bà táyà wọn á sì kun títì níbẹ̀. Bí òjò bá wá rọ̀ lé rọ́bà yẹn, ó yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ a fi ojú dídán náà sílẹ̀, a lọ gba etí ibi tí ilẹ̀ ti rí ṣákaṣàka. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ òjò ni Lothar ti fi kọ́ ọ ní nǹkan yìí, tí òun ń kùn pé òun ò lè rí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nínú omi.

Táyà òjò ló sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ti ọkọ̀ pupa? Táyà ẹ̀rùn ni, tó dán bí orí apárí.

Iwájú rẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú kùrukùru, ó rí iná ẹ̀yìn méjì tó ń jó sọ́tùn-ún sósì.

* * *

Yéèpà! Bí ọkọ̀ pupa ṣe ń jó nìyẹn!

Ìdí ọkọ̀ fẹ́ ṣáájú orí. Jörn fa sítíárìn síbí, ó fà á sọ́hùn-ún. Ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń darí.

"Ọwọ́ méjèèjì!" Lothar pàṣẹ. Ohùn tó fi ń kọ́ni ló fi sọ ọ́, ohùn tí kò lé, tí kò sì wálẹ̀. "Ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárìn, bí o ò bá fẹ́ kú!"

Jörn ju ìbọn sáàárín itan rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì mú sítíárìn. Ọkọ̀ tòrò.

"Ojú ẹ, jìnnà. Má wo imú ọkọ̀. Ibi tó o bá ń wò lo máa lọ. Tẹ bíréèkì nísinsìnyí, kó o tó yà. Fi í sílẹ̀. Yà. Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ẹyin lo gbé lọ́wọ́. Ó yá, tọ́tù díẹ̀."

Ọkọ̀ pupa gba kọ́nà náà bí omi tó ń gba ojú àgbàrá.

Jörn la ẹnu. Nǹkan báyìí ò ṣẹlẹ̀ sí i rí lórí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé... ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

"Ó sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ẹ ṣì le jù."

Kọ́nà mìíràn dé. Jörn ò tẹ bíréèkì. Ó ń dúró de ohùn náà.

"Nísinsìnyí!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ràn. Bí wọ́n ṣe ń gun orí òkè kékeré kan, tí gbogbo táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu Ẹ̀fúùfù ọlọ́ṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe níwájú yẹn?"

Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹni tó ń pe èèyàn ní bàbá arúgbó ní ìdájí!

Lothar wo dígí ẹ̀gbẹ́. Iná méjì kékeré wà lẹ́yìn, wọ́n tòrò nini, wọ́n ń sún mọ́ wọn ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ó mọ iná yẹn. Fún ìṣẹ́jú kan, ó gbàgbé ìbọn, ó gbàgbé ikú.

"Ẹ wo bó ṣe ń wà á," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ wo Dókítà!"

Kọ́ròrò! Kọ́rọ́!

Ìbọn ti bọ́ láàárín itan Jörn. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ náà, irin lásán ni ilẹ̀ rẹ̀. Ìbọn ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó ń yí lọ síbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Bó bá há sábẹ́ bíréèkì, ó ti parí nìyẹn.

Iwájú wọn sì ni Ihò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dà wálẹ̀ bí ẹni ń já sínú kànga, tí igi pa orí pọ̀ lókè, tí èèyàn fi ń kó ìfun ara rẹ̀ mọ́ra. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ a tẹ èèyàn mọ́ àga. Lẹ́yìn náà ọ̀nà á gòkè, á sì yà lójijì sí òsì, níbi tí à ń pè ní Igbó Adenau. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, tààrà ló ń lọ. Koríko ló wà ní tààrà yẹn, pẹrẹsẹ, kò sí irin nítòsí rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ koríko náà lè gbé màlúù mì.

Ibi tó rọ̀ létí Òrùka ò pọ̀. Lothar mọ gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ibẹ̀, kò ju kọ́nà mélòó kan lọ tí wọ́n á fi dé afárá, ibi tí Uwe wà.

"Sà? Sà! Ó ń dà wálẹ̀!"

"Mo rí i. Sítíárìn gbọọrọ. Má fọwọ́ kan bíréèkì. Jẹ́ kó lọ."

VÙÙÙÙÙÙÙ!

Wọ́n já sísàlẹ̀. Gbì! Eyín wọn pàdé. Ìbọn fò, ó bá irin, ó sì yí sábẹ́ àga. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Báyìí ńkọ́, sà? Mi ò rí iwájú! Sà, níbo ló yà sí?"

Lothar mú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dání.

"Tààrà," ó wí, pẹ̀lú ohùn kan náà. "Tọ́tù. Gbogbo ẹ̀!"

Ẹ̀fúùfù gba ohùn náà gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gba ìyá rẹ̀ gbọ́. Ó rọ́ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Títì yà sí òsì.

Ọkọ̀ pupa ò yà!

Fàààà! Koríko! Ẹrẹ̀! Omi dúdú bo dígí. Ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó ń da ẹrẹ̀ sókè bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń tulẹ̀. Jörn ń pe ìyá rẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ náà ló ń pe ara rẹ̀: "Yéè! Jörn kú o! Jörn ti kú o!"

Gùdù.

Ọkọ̀ dúró. Ó ti rì dé ìdajì táyà. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú.

Ìbọn yọ́ jáde lábẹ́ àga. Lothar fi sálúbàtà tẹ̀ ẹ́.

* * *

Ọkọ̀ búlúù jáde láti inú ihò. Dókítà tẹ bíréèkì kó tó yà, ó fi í sílẹ̀, ó yà, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìdún. Annegret bọ́ sílẹ̀. Ó na ìbọn rẹ̀ sí ọkọ̀ pupa.

"Ọlọ́pàá! Jáde! Ọwọ́ sókè!"

Jörn gbìyànjú láti sáré. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ gba bàtà eré ìje kan. Ìgbésẹ̀ kejì, ó gba ìkejì. Ó dúró nínú ìbọ̀sẹ̀, ó yíjú sí Lothar.

"Ẹ purọ́ fún mi!" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ní tààrà! Mo gbà yín gbọ́!"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọ́ni," Lothar dáhùn, "mi ò purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. Ìwọ ni àkọ́kọ́. Má bínú."

Annegret ń gba inú ẹrẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Jörn fi ìbọ̀wọ́ nu imú.

"Sà... kó tó dé ibí yìí. Ní tòótọ́. Báwo ni mo ṣe wà á?"

Lothar ronú sí i dáadáa. Kò lè ṣe kó má ronú sí i.

"Ojú ẹ kì í jìnnà tó. O máa ń pẹ́ kó o tó fi bíréèkì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o ń gbọ́ràn. Àwọn dókítà kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ yẹn o!" Dókítà kígbe láti orí títì.

Ẹ̀rín músẹ́ yọ lẹ́nu Jörn.

"Ó dáa bó o ṣe ń gbọ́ràn," Annegret wí. "Na ọwọ́ méjèèjì wá."

Ó nà á. Kàkà!

Nísàlẹ̀ afárá, wọ́n bá Uwe nínú lọ́rì, búrẹ́dì àti sọ́séèjì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹ ẹ́ tán. Wọ́n jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ Àìkú ni.

Wọ́n kó àwọn olè lọ. Wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ pupa jáde kúrò nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú okùn. Gbogbo èèyàn tó wá wòran ló ń gbá Lothar léjìká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ní kó tún sọ ibi "tààrà" yẹn fún àwọn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ẹnì kan wá gbé kọfí fún un, tó fẹ́ gbà á, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n débi pé kọfí náà dà sí aṣọ ìsùn rẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Dókítà gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un lápá, ó mú un dé ọkọ̀ búlúù, ó gbọn ìyókù búrẹ́dì kúrò lórí àga, ó sì fúnra rẹ̀ so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà.

Ọ̀nà abúlé ni wọ́n gbà padà sílé. Dókítà ń wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó gbé ọmọ ọwọ́. Oòrùn ti ń yọjú. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àgbẹ̀ kan gbé katakata rẹ̀ dé ẹ̀yìn wọn, dùgùdùgùdùgù, ó fun fèrè, ó sì yà wọ́n sílẹ̀. Ó ṣíjú wò wọ́n láti òkè, ó mi orí, ó lọ.

Lothar wo katakata náà títí tó fi wọ kọ́nà.

"Ó tètè yà jù," ó wí.

"Ó tètè yà," Dókítà dáhùn. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.